Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Lórí Pèpéle

Bí ẹ bá dé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú láàárọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni ọkùnrin kan tó ń fi àwọ̀n kó ìdọ̀tí lójú omi. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ti funfun. Ṣòkòtò rẹ̀ ò kọjá orúnkún, fèrè sì ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀. Bàbá Olómi ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láago mẹ́fà. Á bu omi sínú ìgò kékeré, á kán oògùn sí i, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè mọ̀ bóyá omi náà ti dára fún ará ìlú. Á fọ ẹ̀gbẹ́ adágún, á na okùn tó pín omi sí ọ̀nà mẹ́jọ, á wá fi aṣọ gbígbẹ nu pèpéle mẹ́jọ tí àwọn olùwẹ̀ ń dúró lé kí wọ́n tó bẹ́. Ìdí pèpéle kìn-ín-ní ló máa ń pẹ́ sí jù. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀, òun náà ò sì sọ.

Ó ní ìwà kan tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Kì í wọ omi bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣì wà nínú rẹ̀, àfi bí ẹni náà bá ń rì. Etí adágún ló ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìlúwẹ̀ẹ́, á máa ju ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá gòkè, tó sì nura tán, ló máa tó bọ́ ẹ̀wù. Ìyá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ò jẹ́ kó sinmi: “Bàbá Olómi, ṣé àna yín ni omi yìí ni, tẹ́ ẹ fi ń yẹra fún un báyìí?” Òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín orí ètè lásán.

Ohun tó fa ìwà yìí ti pé ọdún méjìlélógún.

Nígbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, egungun rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju egungun lọ. Òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n lọ sí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè, ìje rílè ti àwọn ọkùnrin, ìwẹ̀ bó-ṣe-wù-ọ́. Rílè ò le yé èèyàn. Ọ̀kan á lọ, á bọ̀, á fọwọ́ kan ògiri, ìgbà yẹn ni ẹnì kejì tó wà lórí pèpéle tó lè bẹ́. Bí ẹsẹ̀ ẹni òkè bá kúrò kí ọwọ́ ẹni ìsàlẹ̀ tó kan ògiri, bó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìṣẹ́jú akàn, wọ́n á wọ́gi lé ìje àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló kọ́kọ́ wẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́jà ló tẹ̀ lé e. Ẹnì kẹta ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Ẹni ìkẹyìn ni Ẹ̀gbọ́n.

Káfíńtà ni Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ní ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré kan nílé. Ó ti lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ti sọ fún wọn pé èyí lòun máa wẹ̀ gbẹ̀yìn. Òun ló ń bá wọn rán bọ́tìnnì, òun ló ń fi ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ ẹni tí ebi bá ń pa. Bàbá Olómi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n tó bá a tan lọ, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí burú.

Orúkọ Bàbá Olómi nígbà náà ni Ògbufọ̀. Nínú gbogbo ikọ̀ wọn, títí dórí Ọ̀gá arúgbó tó ń kọ́ wọn, òun nìkan ló gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbi ìdíje. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ bèèrè ibi ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, àfi kó pè é. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú sápò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìje, wọ́n pe gbogbo àwọn ọ̀gá ikọ̀ jọ láti ka òfin. Òfin ọ̀hún pọ̀, ebi sì ti ń pa Ògbufọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, adájọ́ kà á pé ẹni tó bá ti wẹ̀ tán ò gbọdọ̀ padà bẹ́ sómi títí tí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn á fi parí. Ọ̀gá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ: “Kí ló wí?”

“Ohun tá a ti mọ̀ náà ni, Ọ̀gá,” ni Ògbufọ̀ dáhùn. “Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

Wọn ò mọ̀ ọ́n. Nílé, bí ìje bá ti ń parí, ẹni tó bá wù ló ń bẹ́ sómi lọ dì mọ́ ẹnì kejì. Òun fúnra rẹ̀ sì gbàgbé òfin náà kó tó gbé ṣíbí dẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ wọn wà lọ́nà kìn-ín-ní, níbi tí wọ́n ń fi àwọn tí wọn ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn sí. Ògbufọ̀ wẹ̀ bí kò ṣe wẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ṣọ́jà ò jáfara, Agùntáṣọọ́lò na ọwọ́ gígùn yẹn kan ògiri, Ẹ̀gbọ́n sì bẹ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n máa padà dé, ipò karùn-ún tí wọ́n wà ti di ìkẹrin, ìkẹrin di ìkẹta. Ó fi ìwọ̀n èékánná ṣáájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ wọn yọ lórí pátákó gbàgàdà, pẹ̀lú ẹẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ipò kẹta máa ń gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Kò sẹ́nì kankan láti ilẹ̀ wọn tó gba ohunkóhun nínú omi rí.

Ògbufọ̀ bẹ́ sómi. Ayọ̀ ló gbé e. Ó rọ̀ mọ́ Ẹ̀gbọ́n lọ́rùn, àwọn méjèèjì ń ké, wọ́n ń mu omi, wọ́n tún ń ké. Agùntáṣọọ́lò ti fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e, aṣọ ìnura ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀nà kẹjọ lápá ọ̀hún, níbi tí ọkùnrin kúkúrú kan ti ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tó ku nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀ kó kan ògiri.

Orúkọ wọn kúrò lórí pátákó.

Adájọ́ obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun mú ìwé kan wá. Ògbufọ̀ ti gòkè, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Obìnrin náà ò lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ nínú wọn, òun ló dojú kọ. Ó kà á fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ lọ́nà kìn-ín-ní padà sómi kí ọ̀nà kẹjọ tó parí. Ó fún un níwèé, ó sì lọ. Ẹ wo ọ̀ràn: ẹjọ́ òun gan-an ni, òun náà ni wọ́n sì ń dúró dè pé kó túmọ̀ rẹ̀.

“Kí ló wí?” Ọ̀gá bèèrè.

Ògbufọ̀ wo ojú wọn. Ṣọ́jà ti ń sunkún. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde nìyí: “Ó ní ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kúrò lórí pèpéle kọ́wọ́ Agùntáṣọọ́lò tó kan ògiri.”

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ẹ̀gbọ́n? Nítorí pé Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ò sí níbẹ̀ ni. Ó ṣì wà nínú omi, ó di okùn mú, ó ń gba èémí. Ẹni tí ò sí níbi ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń di ọ̀rọ̀ rù, ìwà ojo ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń paṣọ dà, Ẹ̀gbọ́n fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tó fi ọdún púpọ̀ jù. “Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má bínú,” ló wí. “Mo ti ba tiyín jẹ́ mọ́ tèmi.” Ògbufọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.” Ó dárí jì í! Ẹni tó jalè ló ń dárí ji ẹni tó jà lólè. Títí dòní, nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, gbólóhùn yẹn ló ń tì í lójú jù. Ó lè wá àwáwí fún ìyókù. Kò sí àwáwí kankan fún ìyẹn.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan. “Ògbufọ̀, ṣé ó dá ẹ lójú pé ohun tó wí nìyẹn? Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀rọ abẹ́ pèpéle ló wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ kì í parọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Kò bèèrè mọ́.

Ògbufọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa sọ òótọ́ bí wọ́n bá délé. Wọ́n délé, rédíò sì ti gbé irọ́ náà káàkiri ṣáájú. Ó ní òun máa sọ ọ́ bí ariwo bá rọlẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní kí lèèyàn tún ń tú u sókè fún? Ọ̀gá kú. Ọdún gorí ọdún. Ó kó lọ sí ìlú míì, ó gba iṣẹ́ adágún, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ pé ọkọ òun lọ sí ìdíje kan nígbà èwe, pé wọn ò gba nǹkan kan bọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ti kọjá ogún ọdún, ó sì ti ń rò pé ó ti rẹ òtítọ́ lọ́nà.

Ìwé adájọ́ ò sọ nù. Ó wà nínú agolo bísíkíìtì kan nínú yàrá ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó fi ọ̀rá wé e. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa sun ún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí wọ́n bá a níbẹ̀ nígbà tóun bá kú tán. Ó fẹ́ kí òkú òun bá òun jẹ́wọ́.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú aago ìje lọ́rùn àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni kóòṣì tuntun tí wọ́n gbé rílè àwọn obìnrin lé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ ò lè mọ̀ mí. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ni mí, káfíńtà, ẹni tẹ́ ẹ jọ wẹ̀. Bàbá mi ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ ṣì máa fojú fo ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.”

Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Olómi, ó já sómi. Ọmọ náà ló bá a yọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò ní àlàáfíà mọ́. Kóòṣì ò jọ̀wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n tó wẹ ohunkóhun, wọ́n á gba omi lọ́wọ́ ara wọn nígbà ogójì: ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń dúró lórí pèpéle, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ há mọ́ etí pèpéle pinpin. Bí ẹnì kan bá kánjú, fèrè á dún. “Padà! Ṣé ẹ fẹ́ ṣe bíi bàbá mi ni?” Ó wá máa ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún wọn bí ẹni ń pa àlọ́ fún ọmọdé. “Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Bàbá mi kì í sọdá títì títí tí ọkọ̀ tó ṣì wà lókèèrè á fi kọjá. Bá a bá fẹ́ jáde nílé, àwọn ni wọ́n ń jáde kẹ́yìn. Oníbàárà á ní ‘ẹ gé pákó yìí,’ wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó gé e. Màmá mi ní wọn ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe lèèyàn ń sáré kó tó lè bá wọn. Ìje kan ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá Olómi á bọ́ sínú yàrá ẹ̀rọ, á ní òun ń lọ wo nǹkan kan tó ń jò. Kò sí nǹkan tó ń jò níbẹ̀ bí kò ṣe ojú rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì káwọn ọmọ náà lọ sí ìdíje tiwọn, Kóòṣì wá bá a. “Bàbá, bàbá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kí wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ ọ́ fáwọn ọmọ yìí, ó máa wọ̀ wọ́n létí ju tèmi lọ. Wọ́n gbà, àmọ́ ojú ń tì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn dúró. Bí wọ́n bá rí yín, ọkàn wọn á balẹ̀.”

“Ó dáa,” ni Bàbá Olómi wí.

Láàárọ̀ Sátidé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ibà ń ṣe òun. Ìyàwó rẹ̀ ki ẹ̀rọ ayẹ̀bàwò sí i lábẹ́ apá, ó wò ó, ó ní, “Ara yín tutù ju omi inú àmù lọ. Ẹ dìde, ẹ lọ síbi iṣẹ́.”

Ìdúró ló wà lẹ́nu ọ̀nà adágún nígbà tó rí Ẹ̀gbọ́n lódìkejì títì. Ó ti rù, ó gbé pẹ́ńsùlù há etí. Títì ṣófo, àfi kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré. Ẹ̀gbọ́n dúró. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé, ó kọjá. Ẹ̀gbọ́n wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó tó wá sọdá. Bàbá Olómi rí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

“Ògbufọ̀! Ògbufọ̀ mi!” Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn. “O ò yọjú sí mi láti ọjọ́ yìí wá. N ò bá ẹ wí. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, n ò ní fẹ́ rójú ẹni tó fi ìkánjú bà mí láyé jẹ́.”

Bàbá Olómi ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Àwọn ọmọ mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ tó tutù, ó gbé e dání, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. “Ẹ̀yin ọmọ mi,” ló wí, “èmi ni ẹsẹ̀ mi yá. Idẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló dúró yìí, kò sì gbé mi bú lọ́jọ́ kan. Nígbà míì, bí mo bá ń fá pákó, mo máa ń rò pé ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í parọ́. Àgbà tó bá ṣe àṣìṣe…”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná.”

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá Olómi ti wọ yàrá ẹ̀rọ. Nígbà tó jáde, agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú ọ̀rá, ó na ìwé sí Kóòṣì. “O gbọ́ èdè yìí. Kà á.”

Ọmọ náà kà á sínú. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Kí ló wí?” Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

Kóòṣì dá ìwé náà padà fún ẹni tó ni ín. “Ẹ̀yin lògbufọ̀,” ló wí. “Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.”

Bàbá Olómi gbé ìwé náà síwájú ojú. “Ó ní ẹni àkọ́kọ́ lọ́nà kìn-ín-ní padà bẹ́ sómi kí ọ̀nà kẹjọ tó parí. Ìyẹn ni wọ́n fi wọ́gi lé wa. Ẹni àkọ́kọ́, èmi ni. Kò sọ nǹkan kan nípa yín. Irọ́ ni mo pa, ẹ̀gbọ́n. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín.”

Omi ń gbá ògiri jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rọra gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Kì í kánjú mọ́.

“Ẹsẹ̀ mi wà lórí pèpéle?”

“Ó wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Títí tí Agùntáṣọọ́lò fi kan ògiri?”

“Títí tó fi kàn án.”

Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀ tútù, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti rí i. “Bàbá mi bi mí kí wọ́n tó kú,” ló wí. “Wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, kí ló ń lé ẹ lọ́jọ́ yẹn?’ Mo ní n ò mọ̀. Wọ́n ní kí n máa ní sùúrù láyé. Wọn ò bá mi sọ nǹkan míì mọ́.”

Bàbá Olómi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Omi ilẹ̀ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń dúró de gbólóhùn kékeré kan, irú èyí tóun náà sọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ lọ́jọ́sí. Kóòṣì la ẹnu, bàbá rẹ̀ sì gbọ́wọ́ sókè kó dákẹ́.

“Má tíì dìde,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. “Dúró bẹ́ẹ̀ ná. Èmi fi ọdún méjìlélógún dúró.”

Ó gba ìwé tí kò lè kà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ kó lè gún. Àwọn ọmọ ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Nígbà tó yá, Kóòṣì fọn fèrè, wọ́n sì padà sórí pèpéle, wọ́n wẹ ìje wọn látòkèdélẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn fọwọ́ kan ògiri, ó gòkè, ó mú aṣọ ìnura. Omi pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń fọwọ́ tẹ́ ìwé náà lórí itan, Bàbá Olómi sì wà lórí eékún rẹ̀, ó ń dúró.